Elégbè, agbo, àgọ́: ọ̀rọ̀ tí eré Gíríìkì nílò ní gbangba Ọ̀yọ́

Àwọn tó fẹ́ ṣe Oedipus, eré tí Sophocles, òǹkọ̀wé Gíríìkì àtijọ́, kọ, lédè Yorùbá, ní pápá gbangba l'Ọ̀yọ́, ti kó àwọn ọ̀rọ̀ tí wọ́n fẹ́ lò síwájú wa. Ará àdúgbò ni yóò ṣe eré náà: ìyá ọlọ́jà, akẹ́kọ̀ọ́, awakọ̀, káfíńtà. Ohun tí mo fi ń wọn ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan kò ju èyí lọ: bí a bá pariwo rẹ̀ láàárín pápá, ṣé ohun tó yẹ ni wọ́n máa ṣe? Ọ̀rọ̀ lè dùn lórí ìwé kó sì máa ṣi òṣèré lọ́nà.

"Ẹgbẹ́ akọrin" ni ọ̀pọ̀ yín dábàá fún àwọn tó ń kọrin tí wọ́n sì ń jó láàárín eré. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀. L'Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́, ẹgbẹ́ akọrin ni àwọn tó wọ aṣọ gbàgẹ̀rẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì, tí wọ́n tò ní ìlà, tí wọ́n di ìwé orin mú. Ẹ pe èèyàn 15 ní ẹgbẹ́ akọrin, kíá ni wọ́n á dúró gbagidi, bẹ́ẹ̀ ijó ni ìdajì iṣẹ́ wọn. "Elégbè" ni tèmi. Gbogbo ẹni tó ti gbọ́ sákárà tàbí àpàlà rí mọ̀ pé olórin á lé, elégbè á gbe orin.

Àtakò kan wà tó láárí: elégbè a máa dúró de ẹni tó ń lé orin, ṣùgbọ́n àwọn ti Gíríìkì a máa kọ odidi orin fúnra wọn. Òótọ́ ni. Síbẹ̀ wọ́n ní aṣáájú tó ń bá òṣèré sọ̀rọ̀ lórúkọ gbogbo wọn, "olórí elégbè" sì bá a mu rẹ́gí. Ẹni tó ní ká pè wọ́n ní "àgbààgbà ìlú" ń fi ipa inú eré kan sọ orúkọ iṣẹ́. Àgbààgbà Thebes, ìlú tí Oedipus jọba lé lórí, ni wọ́n nínú Oedipus lóòótọ́. Nínú Medea, eré ti Euripides, òǹkọ̀wé Gíríìkì mìíràn, obìnrin Kọ́ríńtì ni wọ́n. Iye wọn jẹ́ 12 tẹ́lẹ̀. Ìtàn sọ pé Sophocles ló sọ ọ́ di 15, wọ́n sì ń tò ní ẹni 5 ní ìlà 3. Bí ará àdúgbò 20 bá yọjú, ẹ gbà wọ́n. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n dín sí 9, nítorí afẹ́fẹ́ pápá á gbé ohùn wọn lọ.

"Orí ìtàgé" ló léwu jù nínú gbogbo wọn. Káfíńtà tó bá gbọ́ ìtàgé, pèpéle ló máa kàn. Bí pèpéle mítà kan bá ti dúró, òṣèré wà lókè, elégbè wà nísàlẹ̀, wọn ò lè fojú kojú sọ̀rọ̀ mọ́. Ilẹ̀ títẹ́jú ni àwọn elégbè Gíríìkì ń jó lórí rẹ̀. Orchestra ni wọ́n ń pè é, ibi ijó ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ẹni tó kọ "ẹgbẹ́ onílù" síwájú rẹ̀, ti Òyìnbó òde òní ló ń wò. "Agbo" ló tọ́. A ní agbo ijó, a ní agbo eré, ọmọdé pàápàá mọ̀ pé a kì í gun agbo bí ẹní gun pèpéle.

Agbo Epidaurus, gbàgede eré àtijọ́ kan ní ilẹ̀ Gíríìkì, fẹ̀ tó nǹkan bíi mítà 20. Mítà 12 tó fún elégbè 15. Ẹ kan èèkàn sáàárín, ẹ so wáyà mítà 6 mọ́ ọn, kí ẹnì kan fà á le kó máa rìn yípo, kí ẹlòmíràn máa da eérú tẹ̀ lé e. Mo ní wáyà nítorí pé okùn ọ̀rá ń fà, agbo á sì wọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ da iyanrìn tó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà kan sójú ibi tí eérú wà. Ẹni tó wọ ìbòjú kì í rí ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Àtẹ́lẹsẹ̀ ló máa sọ fún un pé ó ti dé etí agbo.

Ilé tó wà lẹ́yìn agbo ńkọ́? Skene ni Gíríìkì pè é, àgọ́ gan-an ni ọ̀rọ̀ náà ní ìpilẹ̀ṣẹ̀. Àwọn kan fẹ́ "kọ̀bì", wọ́n ní ààfin ni. Kọ̀bì dára fún Oedipus, nítorí ará Ọ̀yọ́ tó bá rí kọ̀bì ti mọ ilé ẹni tó jẹ́. Ṣùgbọ́n nínú àwọn eré Sophocles mìíràn, kì í ṣe ààfin: nínú Philoctetes, ihò àpáta ni; nínú Ajax, àgọ́ ológun ni. Ká pe ilé náà ní "àgọ́", kí kọ̀bì jẹ́ ohun tí a kàn mọ́ iwájú rẹ̀ lọ́jọ́ tí ààfin bá wà nínú eré. Ẹni tó ní àgọ́ ò gbayì tó, kó rántí pé Àgọ́ Ọ̀jà ni Ọ̀yọ́ tí a wà yìí ń jẹ́ kí Aláàfin Àtìbà tó tẹ̀ ẹ́ dó ní Ọ̀yọ́.

Kí àgọ́ jẹ́ pákó, kó má jẹ́ tapólì. Tapólì ń gbé ohùn mì, ó sì ń pariwo bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́. Pákó ń dá ohùn padà sọ́dọ̀ òǹwòran. Gíga mítà 3 tó, ilẹ̀kùn rẹ̀ kó fẹ̀ tó mítà 2. Ẹ fi igi gbé e ró lẹ́yìn, kí ẹ gbé àpò iyanrìn lé ẹsẹ̀ igi kọ̀ọ̀kan, nítorí ìjì tó ń ṣáájú òjò kì í kìlọ̀. Ẹ kọjú rẹ̀ sí ìwọ̀ oòrùn kí oòrùn ìrọ̀lẹ́ wà lẹ́yìn àwọn òǹwòran. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ ní 4:30, lẹ́yìn ìrun àsárì, ẹ ó parí kí wọ́n tó pe ìrun mùgùrúbù.

Ọ̀nà méjì ló wọ agbo, lọ́tùn-ún àti lósì. "Ẹnu ọ̀nà" tí wọ́n kọ á dà rú mọ́ ilẹ̀kùn àgọ́. Ẹ pe ọ̀kan ní "ọ̀nà ìlú", ẹ pe èkejì ní "ọ̀nà oko". Àṣà àwọn Gíríìkì náà nìyẹn: apá kan fún ẹni tó ti ìgboro wá, apá kejì fún ẹni tó ti ẹ̀yìn odi wá. Creon, àna Oedipus, tó ń ti ojúbọ Delphi bọ̀, ọ̀nà oko ni. Ìránṣẹ́ Kọ́ríńtì, ọ̀nà oko. Darandaran, ọ̀nà oko. Tiresias, aríran afọ́jú, ọ̀nà ìlú. Bí ìránṣẹ́ Kọ́ríńtì bá gba ọ̀nà ìlú wọlé, àwọn òǹwòran á rò pé ará ilé ni, ọ̀rọ̀ rẹ̀ á sì sọnù.

Lórí "ìbòjú", mo ta ko ẹni tó ní ká lo "agọ̀", ẹ̀wù eégún. Mo mọ̀ pé inú eégún ni alárìnjò ti jáde. Ṣùgbọ́n agọ̀ ní ẹni tó ni ín l'Ọ̀yọ́, obìnrin kì í sì í fọwọ́ kàn án. Bí ìyá ọlọ́jà bá gbé ohun tí ẹ pè ní agọ̀ borí, ẹjọ́ ló máa kángun sí. Ìbòjú kò ní olóyè kankan. Ẹ ṣáà sọ fún ẹni tó ń ṣe é pé ti àwọn Gíríìkì bo gbogbo orí, tòun ti irun. Ẹ fi amọ̀ mọ orí, ẹ fi òróró pa á kó má baà lẹ̀, ẹ wá máa lẹ aṣọ àlòkù fẹ́ẹ́rẹ́ àti bébà mọ́ ọn ní ìpele 5, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan gbẹ kí òmíràn tó bọ́ sórí rẹ̀. Ihò ẹnu kò gbọdọ̀ kéré sí ìka mẹ́ta. Ẹ kun inú rẹ̀ ní ọ̀dà, nítorí èémí á mú lẹ́ẹ̀ ibi ẹnu rọ̀ kí eré tó dé ìdajì.

Ibi tí mo rò pé a ò tíì sọ̀rọ̀ tó ni orin. Orin elégbè máa ń wá ní méjì-méjì, strophe àti antistrophe: ohùn kan náà, ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀. "Ẹsẹ kìíní, ẹsẹ kejì" kò sọ pé wọ́n so mọ́ra. Mo dábàá "àlọ" àti "àbọ̀". Ẹ fi àmì sí i o, kí ẹnikẹ́ni má kà á sí àlọ́ ìjàpá.

Ìṣòro tó tóbi ju orúkọ lọ ni ohùn èdè wa. Bí a bá fẹ́ kí àbọ̀ gba ohùn àlọ, àmì ohùn wọn gbọ́dọ̀ bára mu. "Àrùn dé, ilé dàrú": àbọ̀ rẹ̀ lè jẹ́ "Ẹ̀rù dé, inú bàjẹ́", sílébù kan kò yẹ̀. Ẹ wá fi "ọkàn gbọgbẹ́" rọ́pò "inú bàjẹ́", orin náà á fi ipá gbé "ọkàn" sókè, etí á sì máa wá ìtumọ̀ tí kò sí níbẹ̀. Ẹni tí kò bá lè kọ gbogbo orin báyìí, kó fi àlọ àti àbọ̀ sun rárà, kó wá fi ègbè kúkúrú kan há àárín wọn tí gbogbo wọn á jọ kọ, tí kò ní yí padà. Rárà ń tẹ̀ lé ohùn ọ̀rọ̀ ni, kì í tẹ̀ ẹ́ lórí ba.

"Arọ́kin" fún ẹni tó ń mú ìròyìn jáde kò bọ́ sí i: oyè ni arọ́kin, ìtàn àwọn ọba tó ti wàjà ló ń pa. "Ìránṣẹ́" ti tó. "Ìjúbà" fún apá àkọ́kọ́ eré kò tọ́ pẹ̀lú, torí ìjíròrò ọba àti àwọn tó ń bẹ̀bẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ẹ júbà kí eré tó bẹ̀rẹ̀, kó dá dúró.

Tyrannos, ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó wà nínú àkọlé eré náà fún alákòóso tí kì í ṣe ìdílé ló gbé e dórí oyè, ló kù tí a ò tíì fẹnu kò sí. "Afipájọba" kì í ṣe Oedipus, ìlú ló fi í jọba nígbà tó já àlọ́ Sphinx, ẹ̀dá abàmì tó ń pa ará ìlú. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ "Ọba Oedipus" nínú àkọlé: ará Ọ̀yọ́ tó bá gbọ́ ọba á bi ara rẹ̀ pé ìdílé wo ló ti wá, ìbéèrè tí eré náà dá lé gan-an nìyẹn. Ṣùgbọ́n níbi tí elégbè ti ń sọ pé ìgbéraga ló ń bí tyrannos, "ọba" kò gbé e. "Apàṣẹ wàá" ni mo fi síbẹ̀, kó tó rí ẹni tó ní èyí tó mú jù ú lọ.

Pèpéle onítáyà tí wọ́n fi ń ti òkú jáde láti inú àgọ́, bíi ti ìyàwó Creon nínú Antigone, eré Sophocles mìíràn, ẹ má wulẹ̀ ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ kankan fún un. Ọmọlanke ni. Káfíńtà á lóye rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ó sì máa bèèrè bóyá ilẹ̀ le, nítorí táyà kékeré á rì sínú iyanrìn. Ẹ tẹ́ pákó méjì sílẹ̀ fún un láti ẹnu ilẹ̀kùn wọ agbo.