Akọ wo ni kí n fún abo Olde English Bulldogge mi?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọlọ́sìn ajá. Philadelphia ni mo ń gbé, mo sì fẹ́ kí abo Olde English Bulldogge mi bímọ. Ní Pennsylvania níbí náà ni David Leavitt ti bẹ̀rẹ̀ irú ajá yìí lọ́dún 1971. Ó da búlídọ́ọ̀gì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pọ̀ mọ́ bullmastiff, pit bull àti American Bulldog, kó lè rí ajá tó jọ ti ayé àtijọ́, tó ń mí dáadáa, tó sì lè bímọ láìsí iṣẹ́ abẹ.

Tèmi ń sáré, kì í hanrun, ihò imú rẹ̀ là gbayawu. Akọ tí wọ́n fi lọ̀ mí ló ń kọ mí lóminú. Ó rẹwà, orí rẹ̀ tóbi bí ìkòkò, ṣùgbọ́n kó tó rìn dé ìkángun àdúgbò, ahọ́n ti yọ síta, ó ń mí gúlegúle. Olówó rẹ̀ ní ooru ni. Ooru wo, nínú oṣù kẹta? Bàbá àgbà kan náà ni akọ yìí àti abo tèmi sì ní.

Ṣé kí n ní kí wọ́n ya ẹ́ksíreè ìbàdí rẹ̀ ná, ká lè mọ̀ bóyá oríkèé ibẹ̀ dára, àbí kí n wá akọ láti ìdílé mìíràn? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe é rí, èwo lẹ kọ́kọ́ ń yẹ̀ wò: èémí ni àbí ìbàdí?