UPS tó ń ké bí òròmọdìẹ: ẹ wá sọ tiyín

Ìyá Ìbejì Agbowó:

Ẹ kú ilé o. Ọ̀rọ̀ UPS, àpótí oníbátìrì tó ń gbé kọ̀ǹpútà ró fúngbà díẹ̀ bí iná bá lọ, ni mo bá wá, nítorí mo mọ̀ pé kì í ṣe èmi nìkan lojú ẹ̀ ti rí i. Inú ilé ni mo ti ń tẹ ìwé fáwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Agbowó níbí, mi ò ní ṣọ́ọ̀bù. Kọ̀ǹpútà kan, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan, àti UPS 650VA tí mo rà ní 2020, àwọn ni oko tí mo ń ro.

Lóṣù tó kọjá, mo ń tẹ iṣẹ́ àṣekágbá ọmọ kan, a ti dé orí kẹrin, ibi tí tábìlì pọ̀ sí. Ni iná bá lọ. Tẹ́lẹ̀, bí iná bá lọ, UPS á ké "pí", mo ṣì ní bí ìṣẹ́jú 8 tí màá fi kó iṣẹ́ mi pamọ́ kí n tó pa kọ̀ǹpútà wọ́ọ́rọ́wọ́. Lọ́jọ́ yẹn, kò tíì ké "pí" kejì tí ojú kọ̀ǹpútà fi dúdú. Tábìlì 11 ló bá a lọ. (Mo mọ̀, mo mọ̀, ó yẹ kí n ti fi í pamọ́. Ẹ má bú mi, ìyá mi ti bú mi tán.) Ọmọ tó ni iṣẹ́ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó wò mí, mo wò ó, kò sẹ́ni tó lè sọ̀rọ̀.

Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn kan tó ń ta kọ̀ǹpútà. Wọn ò tiẹ̀ tú u. Wọ́n ní UPS ò ṣe é tún ṣe, kí n ra òmíràn, iye tí wọ́n sì pè jẹ́ kí n rántí gbogbo ẹni tó jẹ mí lówó. Inú Micra tí mo wọ̀ padà sílé ni mo ti ń rò ó pé ta ni màá lọ yá lówó lọ́wọ́ ẹ̀.

Bàbá Ríwáyà tó ń gbé ìsàlẹ̀ ilé wa ló ní kí n gbé e wá. Ó yọ ọ́ nínú iná, ó dojú ẹ̀ délẹ̀, ó tú súkúrú mẹ́rin. Mo ti rò pé màá rí nǹkan àrà níbẹ̀. Páálí wáyà kéékèèké kan, transformer kan tó wúwo bí ọmọ ọlọ, àti bátìrì dúdú kan tó rí bíi búlọ́ọ̀kù kékeré, gbogbo ẹ̀ náà nìyẹn. Wọ́n kọ 12V 7Ah sí bátìrì náà lára (V ni fóòtì, Ah ni ìwọ̀n iná tó lè kó sínú). Bàbá fi mítà sí i, ó gbé fóòtì 12.6.

Mo ní, "Bàbá, ó pé nìyẹn. Kì í ṣe bátìrì."

Ó kàn rẹ́rìn-ín. Ó fa gílóòbù iná iwájú mọ́tò yọ látinú àpò irinṣẹ́ ẹ̀, èyí tó ti jó wáyà méjì mọ́ nídìí. Ó fi kan ẹnu bátìrì, kò sì yọ mítà kúrò. Gílóòbù yẹn tàn yòò, ó pọ́n, ó wá ń ṣe bàìbàì bí àtùpà tí epo ń tán nínú ẹ̀. Ojú mi báyìí ni mítà ń já bọ́: 11, 10, 9, ó dé 8.

Bàbá ní, "Ìyá Ìbejì, arúgbó tó jókòó sórí àga tó ń sọ̀rọ̀ ketekete, ẹ gbé garawa omi lé e lórí ná, kẹ́ ẹ tó mọ̀ bóyá ẹsẹ̀ ẹ̀ ṣì gbé e."

Ó ní bátìrì olójé báyìí, ọdún 3 sí 5 ni wọ́n ń lò níbi tó bá tutù, ooru ló ń tètè pa wọ́n. Ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà ni tèmi máa ń wà, níbi tí fáànù ẹ̀ ń fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná sí látàárọ̀ dalẹ́. Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni ọ̀rọ̀ hááfù-kọ́rẹ́ǹtì. Gbogbo ìgbà tí UPS bá ń ṣe "kà, kà, kà" lóru, mo rò pé ó kàn ń yọ wá lẹ́nu ni. Àṣé bí iná bá rọ jù, bátìrì ló máa ń bọ́ sí, bẹ́ẹ̀ gílóòbù ń tàn lókè orí wa, àwa sì ń sọ pé iná wà. Bátìrì ń ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́, a ò mọ̀.

Ó tún bi mí pé kí ni wáyà kejì tó wà lẹ́yìn UPS. Mo ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ni. Bàbá dìde dúró. Laser ni ẹ̀rọ ìtẹ̀wé mi, iná ló fi ń dáná sun íǹkì mọ́ bébà, ó sì ń fa iná ju ohun tí UPS kékeré lè gbé. Ọdún márùn-ún ni mo fi di ẹrù yẹn lé e lórí.

Ó dọjọ́ kejì, mo gba Ògùnpa lọ. Mo mú bátìrì àtijọ́ dání, mo sì yá gílóòbù Bàbá. Ẹni tí mo bá ní ṣọ́ọ̀bù kọ́kọ́ gbé ọ̀kan fún mi tó ń dán gbinrin. Mo kan gílóòbù mọ́ ọn, ó já sí 10 kí n tó ka mẹ́wàá. Ó gbé ìkejì wá, ìyẹn gbìyànjú díẹ̀, òun náà tún já. Oníṣọ́ọ̀bù wò mí, ó ní, "Ẹ̀yin àǹtí yìí, sé ẹ wá rajà ni àbí ẹ wá se ìdánwò?" (Ọmọ Ìbàdàn pọ́ńbélé, ẹnu ẹ̀ ò mọ "ṣ".) Mo ní kó má bínú, pé ìdánwò ni ọjà. Ìkẹta ló dúró. Ó wà ní 12.1 fún odindi ìṣẹ́jú méjì, gílóòbù ò yí ojú padà. Inú páálí ẹ̀ tó ṣì wà nínú ọ̀rá ló ti yọ ìyẹn. Ó ṣẹ́ kù díẹ̀ kí n sanwó ni mo rí i pé irin ẹnu ẹ̀ fẹ̀ ju ti àtijọ́ lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa wo ibẹ̀, oríṣi méjì ló wà, èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ àti èyí tó fẹ̀. Ó bá mi pààrọ̀ ẹ̀. ₦25,000 ló pè, a parí ẹ̀ sí ₦18,000.

Bí Bàbá ṣe fẹ́ so wáyà kejì, iná ṣẹ́ "tá", mo fò sẹ́yìn. Ó ní ó ń kí mi ni. A fi í sínú iná mọ́jú. Láàárọ̀, mo fi gbogbo iṣẹ́ pamọ́, mo fa wáyà UPS yọ lára ògiri, mo sì ń wo aago. Ìṣẹ́jú 9.

Ẹ̀yin ńkọ́?

Ọmọ Mọ́kọ́lá:

Ẹ kú oríire, Àǹtí. Tèmi, ọgbọ́n àgbọ́njù ló pa á. Bátìrì UPS mi kú, mo ní kí ni mo fẹ́ fi kékeré ṣe. Mo fa wáyà méjì jáde, mo so ó mọ́ bátìrì mọ́tò 75Ah. Ọjọ́ àkọ́kọ́, wákàtí kan ààbọ̀ ni kọ̀ǹpútà fi ṣiṣẹ́! Gbogbo ará ilé gbé fóònù wá, mo di ọba. Ohun tí mi ò rò ni pé ìṣẹ́jú díẹ̀ ni wọ́n ṣe inú UPS fún. Kò ní fáànù, transformer ẹ̀ ń gbóná, bátìrì kékeré tètè ń tán kó tó jóná ló ń gbà á là. Iná tó sì ń tì sínú bátìrì ò tó nǹkan, ó lè gbà á ju ọjọ́ mẹ́rin lọ kó tó kún 75Ah, bẹ́ẹ̀ ẹ mọ bí iná wa ṣe ń rí. Ọjọ́ kẹta, èéfín. Ìyá onílé ló kọ́kọ́ rí i, ó sì ń pariwo orúkọ mi bí ẹni pé èmi gan-an ni mò ń jóná.

Ìyá Bódìjà:

Ẹ jẹ́ kí n ta kókó kékeré kan sọ́rọ̀ Ìyá Ìbejì, nítorí kì í ṣe gbogbo ìgbà ló ń jẹ́ bátìrì nìkan. Ọ̀sẹ̀ méjì la fi ń gbọ́ òórùn ẹyin tó bàjẹ́ nínú pálọ̀. Ọkọ mi pe àwọn tó ń kó ṣaláńgá, wọ́n wò, wọ́n ní kò kún. Ọmọ wa ló fọwọ́ kan UPS, ó ní, "Mọ́mì, ó gbóná bí ayọ́ọ̀nù." Bátìrì ti wú nínú ẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ yọ bí ikùn aboyún, kò sì ṣe é fà jáde. Àbúrò mi ti gbé ọ̀bẹ, mo gbà á lọ́wọ́ ẹ̀. Ìta gbangba la gbé e sí títí tẹ́ni tó mọ̀ ọ́n fi dé. Ẹni yẹn wọn ibi tí iná ti ń wọ bátìrì, ó ju 15 lọ, bẹ́ẹ̀ kò yẹ kó kọjá bíi 13.8. Páálí wáyà inú UPS ló bàjẹ́, tó ń ti iná sínú bátìrì jù. Bí a bá ti sáré ra bátìrì tuntun sí i, á wú bíi ti àkọ́kọ́ ni. A ra UPS mìíràn.

Bọ̀dá Òjòó:

Tèmi, fíúsì ni. Bọ́tìnnì kékeré kan wà lẹ́yìn ẹ̀ tó fò jáde. Mo tẹ̀ ẹ́ wọlé, ó tán. Mo ti sanwó iṣẹ́ fún ẹlòmíràn kí n tó mọ̀ o.

Ọmọ Mọ́kọ́lá:

Àǹtí, bátìrì àtijọ́ ńkọ́? Àwọn tó ń kígbe "kọ́ńdẹ́m bátìrì" wà ládùúgbò wa lójoojúmọ́.

Ìyá Ìbejì Agbowó:

Ọwọ́ oníṣọ́ọ̀bù Ògùnpa ni mo fi í sí, ó yọ díẹ̀ lówó mi. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni lọ fọ́ ọ sí ẹ̀yìnkùlé ẹni. Òjé ló wà nínú ẹ̀, májèlé sì ni, àwọn tó mọ Olódó n'Ìbàdàn níbí dáadáa mọ ìtàn ìdọ̀tí bátìrì tí wọ́n dà síbẹ̀.

Ìyá Bódìjà, ẹ ṣeun. Mo ti ní kí Bàbá wọn tèmi náà, 13.6 ló ń gbé. Bọ̀dá Òjòó, ẹ pẹ̀lẹ́ o.

Gílóòbù Bàbá ò tíì padà sọ́wọ́ ẹ̀. Ẹni mẹ́ta ti wá yá a lẹ́yìn tí mo ti Ògùnpa dé, ẹni tó yá a kẹ́yìn ò sì tíì dá a padà. Bàbá ti bi mí lẹ́ẹ̀mejì.