Orúkọ wo la ó pe ọkọ̀ ogun tí wọ́n tún ẹ̀yìn rẹ̀ kàn?

Ẹ̀gbọ́n wa l'Àgbádárìgì, mo kí yín o. Ẹ ní ká bá yín wá orúkọ fún àwọn ọkọ̀ akẹ́rù inú fọ́tò ogun Hítílà, àwọn tí wọ́n yọ ẹ̀yìn wọn tí wọ́n fi òmíràn sí i. Ẹ̀yin fúnra yín dá a lábàá pé ká máa pè wọ́n ní "ọkọ̀ apẹ̀yìndà". Ẹ má bínú, n kò fara mọ́ ọn.

Apẹ̀yìndà ti níṣẹ́ lọ́wọ́. Ẹni tó fi ìgbàgbọ́ rẹ̀ sílẹ̀, tó kọ̀yìn sí àwọn ènìyàn rẹ̀, là ń pè bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá wá gbé e ka iwájú ẹni tó mọ̀ pé ogun là ń sọ, yóò rò pé ọ̀tá ló gba ọkọ̀ náà. Irú ìyẹn sì wà lóòótọ́: ní aṣálẹ̀ Àríwá Áfíríkà, àwọn ọmọ ogun Jámánì gba ọkọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n kun àgbélébùú tiwọn sí i lára. Èdè wa ti ní ọ̀rọ̀ fún ìyẹn tipẹ́, ìkógun ni.

Ní Ẹ̀pẹ́ níbí, bí káfíńtà bá rí lọ́rì, ohun tó máa bèèrè ni pé, "Ta ló kan ẹ̀yìn ọkọ̀ yìí?" Ọ̀pọ̀ Bedford, lọ́rì àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ló jẹ́ pé imú àti ṣásì, irin tó gbé ọkọ̀ dúró, nìkan ni wọ́n fi gúnlẹ̀, káfíńtà ilẹ̀ wa ló kan pákó tó sọ wọ́n di bọ̀lẹ̀kájà. Inú ọ̀rọ̀ wọn yẹn ni mo ti mú tèmi: ẹlẹ́yìn-àtúnkàn. Bó bá jẹ́ wẹ́dà ló jó irin sí i, ẹlẹ́yìn-àtúnjó.

Àbúrò wa kan n'Íkòròdú takò mí, ó ní ọkọ̀ mìíràn ti gbé pákó lẹ́yìn láti ilé iṣẹ́. Òótọ́ ló sọ, mo sì dúpẹ́. GMC, lọ́rì ogun àwọn Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n ṣe ju 500,000 lọ, irin ni ẹ̀yìn rẹ̀ níbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣọ́ irin lò, ilé iṣẹ́ fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi pákó ṣe é. Ìyẹn kì í ṣe àtúnkàn rárá, ẹlẹ́yìn-pákó lásán ni. Ìdí nìyí tí n kò fi gbà kí ẹnikẹ́ni wo ẹ̀yìn kó tó wo imú. Ẹ̀yìn ṣeé pààrọ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Imú ló ń sọ ibi tí ọkọ̀ ti wá. Ti Bedford QL, ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì, pẹrẹsẹ ni, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò yọ síwájú dírẹ́bà.

Ẹ wá wo fọ́tò kejì tí ẹ fi ránṣẹ́. Gíláàsì iwájú rẹ̀ yọ síta lókè, ó fà sẹ́yìn nísàlẹ̀. Àwọn ọkọ̀ ogun tí Ford àti Chevrolet ṣe ní Kánádà ló rí bẹ́ẹ̀ láti bí 1942. Pákó ẹ̀yìn rẹ̀ ga ju orí dírẹ́bà lọ, kò dọ́gba, kò sì sí ọ̀pá tapólì kankan níbẹ̀; ìyẹn ló jẹ́ kí n rò pé wọ́n tún un kàn. Bó bá jẹ́ èmi ni mo fẹ́ kọ nǹkan sábẹ́ rẹ̀, ohun tí n ó kọ ni: "Ọkọ̀ ológun láti Kánádà, ẹlẹ́yìn-àtúnkàn."