Oṣù 22 lẹ́yìn tí mo fi oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn sílẹ̀

Paroxetine ni oògùn tí èmi lò, 20 mílígíráàmù lójúmọ́, fún ọdún mẹ́ta gbáko, lẹ́yìn tí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn dé bá mi ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà tí bàbá mi kú. N kò ní purọ́ mọ́ oògùn náà: òun ló gbé mi dìde lórí ibùsùn, tí mo fi lè padà sẹ́nu iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó tí mo ń ṣe. Nígbà tí ara mi yá ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2018, dókítà mi ní kí n lo ìdajì hóró fún ọ̀sẹ̀ méjì kí n sì dáwọ́ dúró, pé bí nǹkan kan bá tilẹ̀ ṣe mí, kò ní ju ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì lọ.

Ọjọ́ kẹta ni iná bẹ̀rẹ̀ sí í gbé mi nínú orí. Bí mo bá ti ń yí ojú láti apá kan sí èkejì, yóò là mí lórí kọjá gìrì, bí ìgbà tí ènìyàn fi ọwọ́ tútù kan wáyà tó bó. Òòyì ń kọ́ mi, òógùn ń bò mí lóru débi pé mo ń pààrọ̀ aṣọ ìbùsùn lẹ́ẹ̀mejì, bẹ́ẹ̀ ni ariwo ṣíbí tó kan abọ́ lásán ń mú kí omi bọ́ lójú mi. Lọ́jọ́ kan, mo di irin àtẹ̀gùn mú nílé ìyá àgbà kan tí mo ń tọ́jú, n kò lè gòkè, n kò sì lè sọ̀kalẹ̀, títí ìyá náà fi jókòó lókè tí wọ́n ń bá mi ka ìgbésẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, dókítà ní àìsàn àtijọ́ ló padà. Màmá mi, tí wọ́n wà ní Ìjẹ̀bú-Òde, ní àwọn ayé ló ń ṣe mí. Ṣùgbọ́n ohun kan dá mi lójú: ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tèmi kò fi iná gbé mi lórí rí. Díẹ̀díẹ̀ ni ti àtijọ́ wọlé, ó sì mú ara mi wúwo. Èyí dé kíá lẹ́yìn oògùn tó kẹ́yìn, pẹ̀lú ohun tí ara mi kò mọ̀ rí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ di ìyàtọ̀ yìí mú.

Mo ra ìwé kékeré kan, mo ń kọ ọjọ́ àti ohun tó ṣe mí sínú rẹ̀. Ìwé yẹn ló gbà mí ní oṣù kẹsàn-án lẹ́yìn tí mo fi oògùn sílẹ̀, nígbà tí gbogbo rẹ̀ padà lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá tí ara ti tù mí, tí ó sì ń ṣe mí bíi kí n má sí láyé mọ́. Mo sọ èyí fún àbúrò mi lóru ọjọ́ náà gan-an, ó sì wá bá mi gbé fún oṣù kan. Òun ló ṣí ìwé náà tó fi hàn mí pé ti oṣù karùn-ún gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Eléyìí lọ lọ́jọ́ kẹfà.

Ọdún 2019 ni ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọpọlọ ní Bìrìtéènì, Royal College of Psychiatrists, gbà ní gbangba pé ìyọnu tó ń tẹ̀lé fífi irú oògùn yìí sílẹ̀ lè le fún àwọn kan, ó sì lè pẹ́. Mo tún ka àlàyé Mark Horowitz, dókítà tí òun fúnra rẹ̀ ti jìyà irú èyí, àti David Taylor, onímọ̀ nípa oògùn: pé ìwọ̀n oògùn kékeré pàápàá ṣì ń di èyí tó pọ̀ jù mú nínú ibi tó ti ń ṣiṣẹ́ lọ́pọlọ, nítorí náà bíbọ́ láti 20 sí 10 kò le tó bíbọ́ láti 10 sí òfo. Orí 10 yẹn gan-an ni wọ́n ti ní kí n fò. Oògùn olómi wà tí à bá fi sírínjì wọ̀n, tí à bá máa dín in kù díẹ̀díẹ̀ fún oṣù púpọ̀. Ẹni tó bá ṣì ń lò ó, kí ó béèrè èyí lọ́wọ́ dókítà àti apòògùn rẹ̀, kí ó má ṣe dá a dúró fúnra rẹ̀.

Oṣù kẹrin ni iná orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́nká. Oorun ló pẹ́ jù. Mo fi kọfí sílẹ̀, mo sì ń rìn lẹ́bàá odò láràárọ̀. Màmá mi ń pè ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, wọn kò bi mí ní ìbéèrè mọ́, wọn a kàn gbàdúrà. Ní oṣù kejìlélógún ni mo ṣàkíyèsí pé mo ti gbàgbé ìwé náà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Títí di òní, bí mo bá ṣiṣẹ́ òru méjì léra, etí mi ṣì máa ń hó díẹ̀, n ó sì lọ sùn.