Ọjọ́ tí mo pariwo "fìtínà" ní Kàdúná

Ọdún 2001 ni mo bá ọkọ mi lọ sí Kàdúná, a gba yàrá méjì ní Tudun Wada. Ọmọ mi ọkùnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún mẹ́ta, ọwọ́ rẹ̀ kì í gbélé. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí mò ń dáná lágbàlá, ó da omi sínú iná èédú, eérú bo ọbẹ̀ mi. Inú bí mi, mo lọgun: "Fìtínà ẹ ti pọ̀ jù! Onífìtínà ọmọ!"

Nílé wa ní Ìwó, ọ̀rọ̀ yẹn kò ju ìyọlẹ́nu lọ. Ẹni tó ń sin gbèsè ń fìtínà èèyàn, ẹ̀fọn ń fìtínà èèyàn lóru. Àárọ̀ àti alẹ́ ni ìyá mi fi ń pè wá bẹ́ẹ̀.

Màmá Haúsá tá a jọ ń gbé ń jọ ìyẹ̀fun àgbàdo lọ́wọ́. Ó ju asẹ́ sílẹ̀. Kò wo ọmọ, kò wò mí. Ẹnu géètì ló sáré lọ, ó tì í pa, ìyẹ̀fun funfun ṣì bo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì dé ìgbọ̀nwọ́. Ìgbà yẹn ló tó yíjú sí mi: "Me ya faru?" Kí ló ṣẹlẹ̀? Ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n.

Nínú gbogbo Yorùbá tí mo sọ, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó yé e nìyẹn: rògbòdìyàn ni "fitina" lédè Haúsá. Lóṣù kejì àti oṣù karùn-ún ọdún 2000, ìjà lórí òfin Ṣàríà pa ọ̀pọ̀ èèyàn ní Kàdúná, ó sì lé ọ̀pọ̀ kúrò nílé. Mùsùlùmí kó sí àríwá odò, Kristẹni kó sí gúúsù. Ẹ̀yìn rẹ̀ lèmi dé. Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́.

Nígbà tí mo nawọ́ sí ọbẹ̀, ó mí kanlẹ̀. Ó ní "fitinanne" làwọn ń pe irú ọmọ bẹ́ẹ̀, pé kí n má tún lọgun "fitina" láàárín ọgbà mọ́. Ááfà kan ló ṣàlàyé fún mi nígbà tó yá pé inú Lárúbáwá ni àwa àti Haúsá ti mú un, pé ìdánwò ni, bí ìgbà tí wọ́n fi wúrà sínú iná.

Kubwa ní Àbújá la wà báyìí. "Ó ń yọ mí lẹ́nu" ni mò ń sọ, fìtínà kì í jáde lẹ́nu mi níta. Ọmọ náà ti di géńdé. Tó bá pe màmá yẹn lọ́dún iléyá, kò tíì kí i tán tó fi máa gbọ́ ọ: "Fitinanne!"