Ṣé kí n pa WhatsApp mi rẹ́ kí n tó dé Heathrow?

Ìyá Ìbejì, Peckham:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Èkó ni mo wà báyìí, ọjọ́ Ẹtì ni mo ń padà bọ̀. Ẹnì kan níbí ti já mi láyà, ó ní wọ́n máa ń gba fóònù lọ́wọ́ èèyàn ní Heathrow, wọ́n á wá jókòó ti WhatsApp onítọ̀hún bí ẹni ń ka ìwé ìròyìn. Mi ò jalè o, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ilẹ̀ bàbá wa wà níbẹ̀, owó àjọ wà níbẹ̀, èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ bàbá àwọn ọmọ náà wà níbẹ̀. Ṣé kí n kúkú pa gbogbo ẹ̀ rẹ́ kí n tó wọ ọkọ̀?

Bọ̀dé, Manchester:
Mọ̀mí, ẹni tí kò ṣe nǹkan burúkú, kí ló ní tó ń fi pamọ́?

Ìyá Ìbejì, Peckham:
Ó dáa, ìwọ kọ́kọ́ gbé èsì àyẹ̀wò tìrẹ síbí ká jọ kà á.

Àkànní, Leeds:
Bọ̀dé, ó bá ẹ. Gbogbo aṣọ kọ́ là ń sá lóòrùn.

Ẹ kú ìrìn-àjò mà. Ẹ má pa nǹkan kan rẹ́. Kóòdù ni mo ń kọ jẹun, agbẹjọ́rò kọ́ ni mí, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn. Ohun tí ẹ bá pa rẹ́ lórí fóònù tiyín, ṣebí ó ṣì wà lórí fóònù àbúrò yín àti ti gbogbo àwọn tí ẹ jọ ń dá àjọ? Ara yín nìkan lẹ máa fi ìyà jẹ.

Òfin tí wọ́n sọ fún yín wà lóòótọ́. Schedule 7 ni wọ́n ń pè é, inú Terrorism Act ọdún 2000 ló wà. Ọlọ́pàá tó bá fi dá èèyàn dúró ní pápákọ̀ òfúrufú tàbí ní èbúté kò nílò kó ti fura sí i tẹ́lẹ̀. Ó lè dá a dúró tó wákàtí 6, ó lè ní kó mú nọ́ńbà tó fi ń ṣí fóònù wá, ẹ̀ṣẹ̀ sì ni tó bá kọ̀. Muhammad Rabbani, olùdarí ẹgbẹ́ ajàfẹ́tọ̀ọ́ tí wọ́n ń pè ní CAGE, kọ̀ fún wọn ní Heathrow lọ́dún 2016. Lọ́dún 2017 kóòtù dá a lẹ́bi. Wọn ò rán an lẹ́wọ̀n, ṣùgbọ́n ẹ̀bi ni ẹ̀bi ń jẹ́.

Ẹ fọkàn balẹ̀ ṣá. Ọ̀rọ̀ àwọn apániláyà ni wọ́n torí ẹ̀ ṣe òfin yẹn. Èmi ti gba Heathrow lọ, mo ti gba ibẹ̀ bọ̀ àìmọye ìgbà, ohun tí wọ́n bi mí jù ni bóyá mo gbé ẹran wọlé. Tí ẹnikẹ́ni bá béèrè fóònù yín, ẹ fi pẹ̀lẹ́ bi í pé òfin wo ló fi ń béèrè, torí agbára ọlọ́pàá àti ti òṣìṣẹ́ ìwọ̀lú kì í ṣe ọ̀kan náà. Tí wọ́n bá ti ní àwọn dá yín dúró lábẹ́ Schedule 7, ẹ ní ẹ̀tọ́ láti sọ pé ẹ fẹ́ bá agbẹjọ́rò sọ̀rọ̀.

Olè tó ń gun kẹ̀kẹ́ já fóònù gbà ní London ló yẹ kí ẹ bẹ̀rù. Nítorí tirẹ̀ ni kí ẹ ṣe yí nọ́ńbà ìṣífóònù yín kúrò ní mẹ́rin sí mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ó má sì jẹ́ ọjọ́ ìbí àwọn ìbejì.

Ìyá Ìbejì, Peckham:
Ta ló sọ fún ẹ?

Àkànní, Leeds:
Mà, gbogbo ìyá ló ń ṣe é.

Heathrow gan-an kọ́ ni ibi tí mo fẹ́ kí ẹ wò. Láti ọdún 2016 ni WhatsApp ti ń ti ọ̀rọ̀ pa láti orí fóònù ẹni tó fi ránṣẹ́ títí dé orí fóònù ẹni tó gbà á. WhatsApp fúnra rẹ̀ ò lè kà á lójú ọ̀nà. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ lóru, tí ẹ ti sùn, fóònù yín á rọra da gbogbo ọ̀rọ̀ yẹn kọ, á gbé ẹ̀dà rẹ̀ lọ fi sọ́dọ̀ Google tàbí sórí iCloud, ibi ìtọ́jú nǹkan ti Apple. Àgádágodo tó wà lẹ́nu ọ̀nà ò bá ẹ̀dà náà lọ, àfi tí ẹ bá fọwọ́ ara yín tì í. Láti 2021 ni wọ́n ti ṣe bọ́tìnnì rẹ̀, ọ̀pọ̀ wa ò tíì débẹ̀ rí: ẹ wọ Settings, ẹ wọ Chats, ẹ wọ Chat backup, ẹ máa rí End-to-end encrypted backup. Ẹ tàn án, ẹ yan pásíwọ́ọ̀dù. Tí ẹ bá gbàgbé pásíwọ́ọ̀dù yẹn, ẹ̀dà ti lọ nìyẹn, WhatsApp ò lè bá yín ṣí i. Ohun tó mú kó ṣeé fọkàn tán gan-an nìyẹn.

Ẹ̀yin tó kù, ẹ má rẹ́rìn-ín. Gbogbo ohun tí a ń sọ ní group yìí wà lórí fóònù ẹnì kọ̀ọ̀kan wa. Ẹnì kan péré tí kò ti ẹ̀dà tirẹ̀, ó ti ṣílẹ̀kùn fún gbogbo wa.

Ìbéèrè kan ni mo máa ń bi ara mi nípa áàpù kí n tó lò ó: ta ló mú kọ́kọ́rọ́? Tó bá jẹ́ ilé iṣẹ́ ló mú un, kò sí ìjọba tó máa yọ ara rẹ̀ lẹ́nu wá já ilẹ̀kùn yín. Ilé iṣẹ́ náà ni wọ́n máa kọ lẹ́tà sí, ẹ ò sì ní mọ̀.

Rónkẹ́, Houston:
Ṣé ti Apple tí mo gbọ́ nìyẹn?

Àkànní, Leeds:
Òun ni. Lóṣù kìíní 2025, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi ìwé àṣẹ ránṣẹ́ sí Apple lábẹ́ Investigatory Powers Act ti 2016, pé kó wá ọ̀nà tí àwọn á fi máa rí ohun tí èèyàn tì pa sórí iCloud. Òfin náà ò sì jẹ́ kí ẹni tó gba irú ìwé bẹ́ẹ̀ yanu sọ pé òun gbà á. Washington Post ló tú u fó lóṣù kejì. Nígbà tó di ọjọ́ 21 oṣù náà, Apple ò gbà láti lu ògiri o, àmọ́ ó kó Advanced Data Protection, ìyẹn ètò tó ń jẹ́ kí kọ́kọ́rọ́ ohun tó wà lórí iCloud wà lọ́wọ́ ẹni tó ni ín nìkan, kúrò nílẹ̀ Britain. Ohun tó já sí fún àwa tó ń lo iPhone níbí ni pé foto wa, Notes wa àti backup fóònù wa lórí iCloud, Apple ló mú kọ́kọ́rọ́ wọn. Pásíwọ́ọ̀dù tó ń bá yín tọ́jú àti ọ̀rọ̀ ìlera ṣì wà ní títì. Lóṣù kẹjọ, Tulsi Gabbard tó jẹ́ ọ̀gá àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Amẹ́ríkà kéde pé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti jáwọ́. Lóṣù kẹwàá ni ìròyìn tún jáde pé wọ́n ti kọ ìwé mìíràn, ti àwa ará Britain nìkan lọ́tẹ̀ yìí.

Èmi ti pa iCloud Backup tèmi. Okùn ni mo fi ń so fóònù mọ́ kọ̀ǹpútà nílé lálẹ́ Sátidé, mo máa ń rí i pé mo ti mààkì Encrypt local backup. Kò gbádùn mọ́ni. Ìyàwó mi ní àgbà ti dé sí mi.

Bọ̀dé, Manchester:
Ẹ̀gbọ́n, mo gbọ́ gbogbo èyí. Àwọn ajínigbé ńkọ́? Àwọn tó ń ba ọmọ kékeré jẹ́? Báwo ni ọlọ́pàá á ṣe mú wọn tí gbogbo nǹkan bá wà ní títì?

Àkànní, Leeds:
Ìbéèrè gidi nìyẹn, mi ò ní fi ṣeré. Kí ọlọ́pàá gba ìwé lọ́wọ́ adájọ́, kó lọ gba fóònù ẹnì kan tó fura sí, mo fara mọ́ ọn. Ohun tí mo kọ̀ ni kí wọ́n dá ihò sára ògiri gbogbo ilé nítorí olè kan. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀. Ihò tí a dá fún ọlọ́pàá ò mọ ọlọ́pàá yàtọ̀ sí aláǹgbá.

Ó sì ti ṣẹlẹ̀. Lọ́dún 2024 ni wọ́n rí i pé àwọn tó ń já wọ kọ̀ǹpútà onítọ̀hún láti Ṣáínà, tí wọ́n sọ ní Salt Typhoon, ti wọ inú àwọn ilé iṣẹ́ fóònù ńláńlá ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì dé ibi ẹ̀rọ tí ilé iṣẹ́ yẹn fi ń bá ìjọba gbọ́ fóònù ẹni tí kóòtù bá ní kí wọ́n gbọ́. Ẹ̀rọ òfin o! Nígbà tó di oṣù kejìlá, FBI tó ti ń bá títì-pa jà láti ọjọ́ pípẹ́ wà lára àwọn tó ń sọ fún ará ìlú pé áàpù tó ń ti ọ̀rọ̀ pa ni kí wọ́n máa lò. Ẹ̀rín pa mí lọ́jọ́ yẹn.

Ẹ má sì rò pé ọlọ́pàá nìkan ni. Òfin 2016 yẹn kan náà gbà kí ìjọba pàṣẹ fún ilé iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì kó tọ́jú àkọsílẹ̀ ojúlé tí ẹ wọ̀ fún oṣù 12. Wọn ò ní rí ohun tí ẹ kà níbẹ̀, wọ́n kàn máa rí i pé ẹ débẹ̀. Food Standards Agency wà lára àwọn tí òfin ní wọ́n lè béèrè fún un. Àwọn tó ń yẹ pọ̀nmọ́ wò!

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ nǹkan kan. Níbi tí mo ti ṣiṣẹ́ ṣáájú èyí, áàpù tó ń gbé oúnjẹ kiri là ń ṣe. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan, ọ̀gá mi ní lẹ́tà ọlọ́pàá dé, agbẹjọ́rò ilé iṣẹ́ ti yẹ̀ ẹ́ wò, kí n bá wọn yọ àkọsílẹ̀ nọ́ńbà fóònù kan fún ọjọ́ 3. Kóòdù ìlà kan péré ni. Mo gbàgbé láti fi ọjọ́ sí i, mo tẹ Enter. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ bọ̀ lójú mi: aago, ibi tó wà, aago, ibi tó wà. Oṣù 14. Gbogbo àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, ibì kan náà. Gbogbo Ọjọ́rú, ilé ìwòsàn kan tí mo mọ̀ pé àwọn alárùn jẹjẹrẹ ni wọ́n ń tọ́jú níbẹ̀. Mi ò mọ orúkọ ẹni náà, mo ti wá mọ àìsàn rẹ̀.

Ta ló ní ká tọ́jú rẹ̀ tó oṣù 14? Kò sí. Ó wà nínú ìwé iṣẹ́ tèmi pé kí n kọ kóòdù tí yóò máa pa àkọsílẹ̀ yẹn rẹ́ lẹ́yìn ọjọ́ 30. Mo ń sún un láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, torí kò sí oníbàárà tó máa dúpẹ́ pé o bá òun pa nǹkan rẹ́. Mo fún wọn ní ọjọ́ 3 tí wọ́n béèrè. Lọ́jọ́ Ajé mo kọ kóòdù yẹn tán kí n tó jẹ oúnjẹ ọ̀sán. Látìgbà náà, tí èèyàn bá ń bá mi sọ ti ìjọba tó ń ṣọ́ni, èmi tí mo ń kọ kóòdù ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí.

Ẹ wọ Location lórí fóònù yín lónìí, gbogbo áàpù tó bá wà ní Always, ẹ yí i sí While Using.

Fúnmi, Birmingham:
Ẹ̀gbọ́n Àkànní, orí mi wú. Mo fẹ́ fi kún un: ẹ lè kọ lẹ́tà sí ilé iṣẹ́ èyíkéyìí níbí, kódà ìjọba pàápàá, pé kí wọ́n kó gbogbo ohun tí wọ́n ní nípa yín wá. Subject access request lorúkọ rẹ̀, ọ̀fẹ́ ni, oṣù kan ni òfin fún wọn. Mo kọ ọ́ sí ibì kan tí mo ti ṣe kéà. Ìwé pásípọ́ọ̀tù àwọn ọmọ mi wà níbẹ̀! Ta ló béèrè ti ọmọ lọ́wọ́ mi?

Ìbéèrè tèmi: onílé tuntun ní kí n ya foto pásípọ́ọ̀tù àti BRP mi, káàdì ìwé ìgbélùú tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fún mi, ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ṣé kí n fi ránṣẹ́?

Àkànní, Leeds:
Rárá o. Ọjọ́ BRP ti tán láti 31 oṣù kejìlá 2024. Wọ àkáǹtì UKVI rẹ, ìyẹn ti àwọn tó ń rí sí físà níbí, gba share code ti onílé, kóòdù tó máa fi yẹ ìwé rẹ wò. Èyí tó jẹ́ ti ilé máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú R, ti iṣẹ́ pẹ̀lú W, èyí tó kù pẹ̀lú S. Ọjọ́ 90 ló ń lò. Foto rẹ àti pé o lẹ́tọ̀ọ́ láti yá ilé ló máa rí, ó tó o.

Adékẹ́, Toronto:
Ẹ tún sọ ti NIN fún wọn. Lọ́dún 2024 ni Paradigm Initiative, ẹgbẹ́ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, figbe ta pé ojúlé kan ń ta NIN àti BVN àwọn ọmọ Nàìjíríà ní 100 náírà. NIMC, àwọn tó ń fúnni ní NIN, ní kò sẹ́ni tó wọ inú àpótí tàwọn. Kò kàn mí, mi ò fún ẹnikẹ́ni ní NIN mi gan-an mọ́. vNIN, nọ́ńbà onígbà díẹ̀ tó ń dúró fún NIN, ni mo máa ń gbà lórí áàpù wọn, wákàtí 72 ló fi ń ṣiṣẹ́, ó ti kú nìyẹn.

Rónkẹ́, Houston:
Ẹni tí àbúrò rẹ̀ ń bọ̀ wá kàwé lọ́dọ̀ wa, kó gbọ́ o. Láti 2019 ni fọ́ọ̀mù físà Amẹ́ríkà, DS-160, ti ń béèrè orúkọ tí èèyàn ń lò lórí Facebook, Instagram àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ fún ọdún 5 sẹ́yìn. Láti oṣù kẹfà 2025, wọ́n ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣí ojúlé wọn sílẹ̀ fún gbogbo ayé. Kó má parọ́ lórí fọ́ọ̀mù yẹn. Irọ́ ló máa bá a débi tí ọ̀rọ̀ Facebook rẹ̀ ò lè bá a dé.

Ìyá Ìbejì, Peckham:
Mo ti tan nǹkan yẹn. Ó pẹ́ kí n tó rí i, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló bá mi wá a. Mo kọ pásíwọ́ọ̀dù náà sínú Bíbélì mi, tòun ti nọ́ńbà ìṣífóònù tuntun. Àkànní, ṣé mo ṣe é dáadáa?

Àkànní, Leeds:
Ó dáa gan-an mà. Bíbélì tó wà nílé ò sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Bọ̀dé, Manchester:
Mọ̀mí, Sáàmù kelòó?

Ìyá Ìbejì, Peckham:
Ṣebí ìwọ lo ní kò sí ohun tí èèyàn ń fi pamọ́. Mi ò sọ.