Kí ni a ó fi rọ́pò «ìpadàbọ̀ àjẹsára»?

Ẹ̀yin àgbà èdè, ẹnìkan nínú wa dábàá pé kí a máa pe bí ara ṣe ń ní agbára ìdènà àrùn lẹ́yìn ìlọ́ mùdùnmúdùn eegun, níbi tí ara ti ń ṣe àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ń ṣọ́ ọ, ní «ìpadàbọ̀ àjẹsára». Mo fara mọ́ «mùdùnmúdùn», mo sì fẹ́ràn «ìlọ́», nítorí pé ó bá ohun tí àgbẹ̀ ń fi ẹ̀ka igi kan ṣe sára òmíràn mu. «Ìpadàbọ̀» ni n kò lè gbà. Ohun tí ó lọ ni ó ń padà bọ̀, bẹ́ẹ̀ oògùn líle tàbí ìtànṣán ni àwọn dókítà fi ń pa mùdùnmúdùn aláìsàn kí wọ́n tó fa ti ẹlòmíràn sí i lára, tí ó fi jẹ́ pé ọmọ ilé mìíràn ni yóò máa ṣọ́ ara náà láti ìgbà yẹn lọ.

Sẹ́ẹ̀lì funfun tí wọ́n ń pè ní neutrophil ni ó ń kọ́kọ́ yọjú, ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 2 sí 4. Ti sẹ́ẹ̀lì T, irú sẹ́ẹ̀lì funfun mìíràn tí ń gbógun ti àrùn, lè gbà ju ọdún kan lọ, pàápàá lára àgbàlagbà, nítorí pé ẹṣẹ́ thymus inú àyà, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ṣẹ́, máa ń sún kì bí ọjọ́ orí ti ń pọ̀ sí i. Èyí tí ó ká mi lára jù ni pé ohun tí abẹ́rẹ́ ìgbà èwe ti kọ́ ara sábà máa ń pòórá. Àgbàlagbà á tún gba abẹ́rẹ́ bí ọmọ ọwọ́, ti èéyi sì ń dúró di ọdún 2 ó kéré tán.

Ní 2011, wọ́n ṣe irú ìlọ́ yìí fún ọmọdé tí ó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde ní ilé ìwòsàn Yunifásítì Benin ní Nàìjíríà. Òbí tí a bá sọ fún pé àjẹsára ọmọ rẹ̀ «ti padà bọ̀» lè rò pé abẹ́rẹ́ àtijọ́ ṣì ń ṣiṣẹ́.

Nítorí náà ni mo ṣe dábàá «ìhù-ọ̀tun àjẹsára». Kùkùté tí ó rúwé, gbòǹgbò àtijọ́ ni ó gbé e dúró, ṣùgbọ́n irúgbìn ni ó ń hù. «Ìsọdọ̀tun» kò tó, torí ohun àtijọ́ ni a ń sọ di ọ̀tun. Bí ó bá jẹ́ mùdùnmúdùn aláìsàn fúnra rẹ̀ ni wọ́n fi pamọ́ tí wọ́n sì dá padà fún un, n kò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí «ìpadàbọ̀».